Ìṣẹ́jú Mẹ́rìndínlógún Sànúsí

Obed Ọláyọdé kì í pariwo. Bí eré bá ń lọ lọ́wọ́ tí gbogbo ènìyàn ń fò sókè, yóò jókòó jẹ́ẹ́, yóò ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ó ń retí ọkọ̀ Òkè-Ìlá ni. Òun sì ni kóòṣì Erin Ìgbómìnà, ẹgbẹ́ basikẹ́tì tó ń gbá fún owó oṣù ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò jókòó. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Eré kan ṣoṣo ló kù kí líìgì parí. Bí Erin bá borí, wọ́n dúró láàárín àwọn àgbà. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, wọ́n já sísàlẹ̀. Ìyáàfin Bernice Fọláyẹmí, oníṣòwò kòkó, ló ni ẹgbẹ́ náà. Ó pe Obed sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Kóòṣì, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá já, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn. N kò ní máa bọ́ ọkùnrin méjìlá kí wọ́n lọ máa bá àwọn ọmọ ilé-ìwé gbá."

"Mo gbọ́, Mà."

"Ṣé ẹ gbọ́ ni, àbí ó yé yín?"

"Ó yé mi, Mà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni eré náà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní Ìlá níbí. Idà Ìlọrin ló ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, Idà ti fi àmì mọ́kàndínlógún na Erin nílé tiwọn. Ọjọ́ márùn-ún ló wà lọ́wọ́ Obed láti mọ ìdí rẹ̀.

Ó mọ ibi tí ilé ti ń jò. Abẹ́ agbọ̀n ni. Nínú basikẹ́tì, ẹni márùn-ún ló ń gbá lápá kan. Mẹ́ta ń sáré níta, àwọn ló ń gbé bọ́ọ̀lù kiri. Àwọn méjì tó ga jù ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbọ̀n. Wọ́n ń já bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, wọ́n sì ń dínà fún ẹni tó bá fẹ́ wá sọ ọ́ sínú. Ààyè méjì péré. Ọkùnrin mẹ́rin ni Obed ní fún un, kò sì sí ẹyọ kan tó pé nínú wọn.

Sànúsí ni àgbà wọn, òun sì ni balógun ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó wúwo, ó gbọ́n, bó bá fi ìdí tì ọ́, o ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Erin sílẹ̀ ló ti ń gbá. Òun tún ni ọkọ Tẹjúmádé, àbúrò Obed. Èkejì ni Dáníẹ́lì, ọmọ Ire, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó gùn bí ọ̀pẹ, bó bá fò, ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé fáòlù rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tó bá sì gba fáòlù márùn-ún ti jáde kúrò nínú eré. Ẹ̀kẹta ni Ayọ̀mídé. Ó lè dúró lọ́nà jíjìn kó sọ bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n, àmọ́ kò fẹ́ kí ara ẹnikẹ́ni kan ara òun, bí ẹni tó wọ aṣọ tuntun. Ẹ̀kẹrin ni Adéyẹmí. Kò sí ohun tí Adéyẹmí mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kò sì sí ohun tó máa ń kọ̀ láti ṣe.

Bí Obed ṣe ń tò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni pé Sànúsí àti Dáníẹ́lì ni yóò jọ máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wúwo, ọ̀kan ń fò. Ó dà bí ìwọ̀n tó gún. Sànúsí ni yóò dúró láàárín gan-an, Dáníẹ́lì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obed a máa sọ fún àwọn ọmọ náà pé, "Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ o."

Ní Ìlọrin, nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ṣáá. Òmìrán kan wà nínú Idà. Yóò gba bọ́ọ̀lù, yóò yà lára Sànúsí, Dáníẹ́lì yóò fi ẹni tó ń ṣọ́ sílẹ̀ ní igun, yóò sáré wá dí òmìrán náà lọ́nà. Òmìrán yóò ju bọ́ọ̀lù sí igun. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ mọ́ yóò rọra sọ ọ́ wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Àmì mẹ́ta nìyẹn, ti abẹ́ agbọ̀n sì rèé, méjì péré ni. Ìgbà méje ló ṣẹlẹ̀. Bí Dáníẹ́lì bá sì tètè dé, yóò kọlu òmìrán, rẹfirí yóò fun fèrè. Eré kò tíì dé ìdá kẹrin tó fi jáde.

Obed bá a wí lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Ta ló ní kó o kúrò níbi tí mo fi ọ́ sí?"

Dáníẹ́lì wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

Sànúsí dúró nítòsí, ó ń mu omi.

Lọ́jọ́ Rú, Obed lọ sí Ọ̀rà, ìlú ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń ṣe àáró, lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi, ìpín tiẹ̀ náà sì ti pé. Kò sí ẹni tó máa gbà pé bọ́ọ̀lù ni kò jẹ́ kó wá. Ebè iṣu ni wọ́n ń kọ. Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n, olúkúlùkù gba ìlà ebè tirẹ̀, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti etí oko.

Bàbá Ọlájídé, àbúrò ìyá Obed, gba ìlà àárín. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Àárín náà ni wọ́n máa ń fi àgbà sí. Obed gba ìlà kẹta sí i, ó sì rí ohun tó ti ń rí láti kékeré tí kò fi ojú wò rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lọ́tùn-ún Bàbá, bó bá kọ ebè tirẹ̀ tán, yóò na ọkọ́ kọjá, yóò wọ́ ilẹ̀ sórí ebè Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó wà lósì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì. Gbogbo wọn jọ dé òpin ìlà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá gbé ọwọ́ sí ìbàdí. "Ẹ̀yin ọmọ òde òní! Ọkọ́ ti wúwo jù lọ́wọ́ yín. Ẹ ò rí èmi bí?"

"Ẹ kú agbára o, Bàbá," ni wọ́n wí. "Ta ló tó yín?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀tún náà ti jókòó sórí ebè. Ó ń mí bí ajá tó lé ọ̀yà. Ìlà kan ààbọ̀ ló kọ, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Obed dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Fáòlù márùn-ún tí Dáníẹ́lì gbà ní Ìlọrin, kì í ṣe ti Dáníẹ́lì. Ti Sànúsí ni, orí ọmọ yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ta ló sì fi Sànúsí sí àárín? Ta ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ẹ̀gbọ́n wọn sílẹ̀? Lóko, ọgbọ́n ni. Ebè kì í dúró ní igun kó máa retí bọ́ọ̀lù. Obed ti mú ìwà oko wọ inú basikẹ́tì láìmọ̀, ó sì ti bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí pé ilé kọ́ ọ.

"Obed, ọkọ́ rẹ sùn ni?" ni Bàbá Ọlájídé wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Obed kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ó pe Dáníẹ́lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Nígbà tí òmìrán yẹn kọjá lára Ẹ̀gbọ́n Sànúsí, kí ló dé tó o fi kúrò ní igun?"

Ọmọ náà ń fi èékánná ha ògiri.

"N kò bá ọ jà. Sọ ọ́."

"Sà, gbogbo ènìyàn ló ń wo Ẹ̀gbọ́n. N kò lè dúró kí n máa wò bí wọ́n ṣe ń fi Ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló tún mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti ń dín?"

"Gbogbo wa la mọ̀, sà."

Obed mi orí. Ìṣirò tó fi gbogbo òru ṣe wà lórí rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni eré kan, ìdá mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ààyè àkọ́kọ́: Dáníẹ́lì ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, Sànúsí mẹ́rìndínlógún. Ààyè kejì: Ayọ̀mídé méjìdínlọ́gbọ̀n, Adéyẹmí méjìlá. Sànúsí àti Dáníẹ́lì kò ní pàdé lórí pápá rárá. Bí wọn kò bá pàdé, kò sí ẹni tí Dáníẹ́lì yóò máa gbà sílẹ̀. Bí Sànúsí bá sì ń gbá ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, agbára rẹ̀ yóò dúró fún mẹ́rin náà. Lẹ́yìn mẹ́rin ni ìṣísẹ̀ rẹ̀ máa ń falẹ̀. Obed ti wo eré Ìlọrin lórí fóònù ní ìgbà mẹ́wàá.

Ó kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó sọ ọ́ fún wọn.

"Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ pè é?" ni Sànúsí béèrè.

"Mẹ́rìndínlógún."

"Nínú ogójì?"

"Nínú ogójì."

"Kí Dáníẹ́lì bẹ̀rẹ̀?"

"Òun ni yóò bẹ̀rẹ̀."

Ayọ̀mídé fẹ́ fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó ṣáà rójú jẹ ẹ̀pà lórí bẹ́ǹṣì."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Sànúsí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀ ọ̀tún, ó tú tòsì. Ó so bàtà méjèèjì mọ́ ara wọn, ó fi kọ́ èjìká, ó sì lọ sílé láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pápá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Tẹjúmádé dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán. Ó kúnlẹ̀ kí i. Bó ṣe dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bọ̀dá mi, kí ni ọkọ mi ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó ní ẹ fẹ́ fi òun jókòó bí ìyàwó tuntun. Níwájú gbogbo Ìlá! Láti àná, kò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. 'Bu omi wá.' Ó tán."

"Kí ló fẹ́ fi omi ṣe?"

Tẹjúmádé wo ẹnu ọ̀nà.

"Tẹjú, kí ló fẹ́ fi omi ṣe?"

"Gbígbóná ni. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ni. Mo ti ń fi aṣọ jó o láti oṣù kẹjọ. Ó ní bí mo bá sọ fún yín, òun á lé mi padà sílé bàbá mi." Ó nu imú. "Mo sì ti sọ báyìí. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀."

"N kò ní jẹ́ kó mọ̀."

"Ṣé ẹ ó jẹ́ kó gbá?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ le o, Bọ̀dá mi. Láti kékeré lẹ ti le." Ó wé gèlè rẹ̀ tó tú, ó lọ. Obed jókòó, kò jẹun. Ó mọ̀ pé bí òun bá fìdí rẹmi lọ́la, òun ti pàdánù ẹgbẹ́ àti àbúrò lọ́jọ́ kan náà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ènìyàn kún pápá. Wọ́n wá láti Ọ̀rà, láti Ire, láti Òkè-Ìlá. Ọ̀kadà tò lọ dé ẹnu títì. Sànúsí dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó wọ aṣọ eré. Kò kí kóòṣì. Ó jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì.

Bí wọ́n ṣe rí i pé Dáníẹ́lì ló wọlé, ariwo sọ.

"Balógun dà? Ta ló fi balógun jókòó?"

Ọkùnrin kan tó gbé ọmọ sí èjìká pariwo sí Obed létí. "Kóòṣì, ìjà àna kọ́ la wá wò o! Bọ́ọ̀lù la wá wò!"

Obed ki ọwọ́ sáàárín orúnkún.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà, Dáníẹ́lì jáde, Sànúsí wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, Sànúsí jáde. Ó wọlé pẹ̀lú ìbínú, ìbínú náà sì wúlò. Ó ti òmìrán Idà sẹ́yìn bí ẹni ń ti ọkọ̀. Kó tó rẹ̀ ẹ́, wọ́n ti pè é jáde. Ní ìdajì eré, Erin ní márùndínlógójì, Idà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Idà ti sọ bọ́ọ̀lù wọlé láti igun. Dáníẹ́lì ní fáòlù méjì.

Ní ìdá kẹrin, Obed yí i padà. Sànúsí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gbá mẹ́rin tó kù fún un, ó jókòó. Mẹ́rìndínlógún rẹ̀ pé. Ó fi aṣọ ìnura bo orúnkún ọ̀tún. Dáníẹ́lì ni yóò parí eré.

Dáníẹ́lì gba fáòlù kẹrin ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ìparí. Obed kò mú un jáde. Ìyáàfin Bernice dìde dúró níwájú àga rẹ̀. Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, Erin ní mọ́kànléláàádọ́rin, Idà mẹ́tàdínláàádọ́rin. Òmìrán gbé bọ́ọ̀lù sókè, Dáníẹ́lì fò, ọwọ́ rẹ̀ kan apá òmìrán. Fèrè dún. Fáòlù karùn-ún. Wọ́n fún òmìrán ní ẹ̀bùn méjì láti sọ, àmì kan kan, ọ̀kan wọlé. Méjìdínláàádọ́rin.

Dáníẹ́lì jáde, omijé wà lójú rẹ̀. Ààyè kan ṣófo lábẹ́ agbọ̀n.

Obed wo bẹ́ǹṣì. Adéyẹmí ti dìde lábọ̀, àmọ́ òmìrán náà yóò gbé Adéyẹmí mì. Sànúsí kò dìde. Ó ń wo Obed. Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọn kò ti wo ara wọn lójú.

"Orúnkún rẹ ńkọ́?" ni Obed béèrè.

Ìlérí tí Obed ṣe fún Tẹjúmádé bàjẹ́ níbẹ̀: Sànúsí mọ ẹni tó sọ fún un. Ó hàn lójú rẹ̀. "Tèmi ni."

"Bó o bá wọlé, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ràn ọ́ lọ́wọ́. Ayọ̀mídé ò ní kúrò ní igun. Bí òmìrán yẹn bá kọjá lára rẹ, ó ti kọjá nìyẹn. Gbogbo Ìlá ló máa rí i."

Rẹfirí ń pè wọ́n. Sànúsí ju aṣọ ìnura sílẹ̀. Ó wọlé.

Erin gbé bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n sọ ọ́, ó ta padà, Idà já a gbà. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún. Idà fẹ́ àmì mẹ́ta kí wọ́n lè bá wọn dọ́gba. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ohun tí wọ́n ṣe ní Ìlọrin ní ìgbà méje ni. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ òmìrán. Sànúsí tẹ̀ ba, ó na apá méjèèjì. Òmìrán ṣe bí ẹni ń lọ sósì, ó yà sọ́tùn-ún. Orúnkún Sànúsí kò gbà. Òmìrán kọjá.

Ní igun, ẹsẹ̀ Ayọ̀mídé kan ti kúrò nílẹ̀. Ìwà ilé ti ń fà á.

"Ayọ̀mídé!" Ohùn Sànúsí ni. Ó bo ariwo pápá mọ́lẹ̀. "Dúró síbẹ̀! Má wá!"

Ayọ̀mídé fi ẹsẹ̀ padà sílẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ bí èèpo.

Òmìrán ti yí ojú sí igun. Bọ́ọ̀lù wà lókè orí rẹ̀, kò rí ibi tí yóò jù ú sí. Ó wo igun kejì. Wọ́n ti dí ibẹ̀ náà. Àkókò ń lọ. Sànúsí fi ẹsẹ̀ kan fò wá síwájú rẹ̀, òmìrán sì fò gba orí rẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì ki bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n. Irin agbọ̀n dún. Sànúsí fi ẹ̀yìn balẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Àwọn ọmọ Ìlọrin tó tẹ̀ lé Idà wá hó yèè. Àwọn ọmọ Ìlá pàápàá sọ pé, "Yéè!"

Mọ́kànléláàádọ́rin sí àádọ́rin. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Erin ju bọ́ọ̀lù wọlé, ẹni tó gbà á dì í mọ́ àyà bí ìyá ọmọ, ó sá. Mẹ́ta. Méjì. Ọ̀kan. Fèrè dún.

Pápá di ọjà. Wọ́n gbé Ayọ̀mídé sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fa aṣọ òun ya. Ìyáàfin Bernice ń fi etí gèlè nu ojú. Kò sí ẹni tó yà sọ́dọ̀ Sànúsí. Ó ṣì wà nílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń wo ojú ọ̀run. Obed rìn lọ bá a.

"Ẹ rí bó ṣe gba orí mi kọjá?"

"Mo rí i."

"Àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa wò ó lórí fóònù títí ọdún tuntun."

"Wọ́n á máa wò ó."

"Wọ́n á ní Sànúsí ti darúgbó."

Obed bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Irọ́ kọ́ ni.

Sànúsí yí ojú sí i. "Àmì mélòó ni wọ́n fún un?"

"Méjì."

"Kì í ṣe mẹ́ta?"

"Méjì ni."

Sànúsí mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè. Obed fà á, kò lè dá a gbé. Dáníẹ́lì ti ń sáré bọ̀ láti ìdí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ ṣì tutù. Ó dúró ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sí wọn, ó ń wo ojú Sànúsí, kò mọ̀ bóyá kí òun wá tàbí kí òun má wá.

"Kí lò ń wò?" ni Sànúsí wí. "Wá fà mí."